Iṣu Ọkọ̀ Ewé Nínú Ọkọ̀ Pupa

Mo ti ru kamíyọ̀ lórí rí. N kò sọ pé mo ru táyà rẹ̀, n kò sì sọ pé mo ru páànù iwájú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ni mo rù, tòun ti ẹ́ńjìnnì, tòun ti iṣu tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ìyá arúgbó kan tó jókòó lórí iṣu náà tó ń bú mi pé kí n rọra máa rìn. Mo fi òṣùká kan sórí, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e, mo sì la ẹrẹ̀ tó wà ní ọ̀nà Savalou lẹ́yìn Gouka kọjá lójú gbogbo ènìyàn. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ wo ọrùn mi. Ṣé ẹ rí i pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí? Ọjọ́ náà ló wọlé, kò sì jáde mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Àwọn Faransé ṣì ni wọ́n ń pàṣẹ, kọmándà wọn, alákòóso agbègbè wa, sì wà ní Savalou nínú ilé funfun kan tí a kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá láì ṣí fìlà. Ọ̀dọ́kùnrin ni mí, mo ti gba ìwé ìwakọ̀, mo sì ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, èyí tí gbogbo wa ń pè ní kamíyọ̀. Ilé-ìwé àwọn fàdá ni mo lọ ní Bantè, ṣùgbọ́n n kò pẹ́ níbẹ̀. Mo mọ bí a ṣe ń ka orúkọ ìlú lára òkúta ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, mo sì mọ bí a ṣe ń fi Faransé bẹ sọ́jà. Kí ni awakọ̀ tún ń wá nínú ìwé?

Ilé-iṣẹ́ akẹ́rù méjì ló wà ní Savalou nígbà náà tó ń ná ọ̀nà Bantè. Ọ̀kan jẹ́ ti Aláájì kan, oníṣòwò aṣọ, tó kun gbogbo ọkọ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Ìkejì jẹ́ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, ọmọ ìjọ Àgùdà, tí wọ́n kun tiwọn ní pupa bí ata. Ọkọ̀ ewé ni èmi ń wà. Ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ náà. Ilé tí bàbá bá ti ń wọ ọkọ̀ ewé, ọmọ kò gbọdọ̀ wọ pupa. Mo mọ obìnrin kan ní Gouka tó ń rọbí, tí ọkọ̀ pupa dúró láti gbé e lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí, tó ní rárá o, òun yóò dúró de ewé. Ó sì dúró. Ìgbà tí mo fi máa dé, ọmọ náà ti ń rìn, òun ló sì gbé ẹrù ìyá rẹ̀ wá sínú ọkọ̀.

Ọkọ̀ tèmi, Ikọ́ Bàbá ni àwọn ará Bobè lójú ọ̀nà wa sọ ọ́, nítorí bí ó ṣe máa ń húkọ́ kí ó tó jí láàárọ̀. Irin kan wà tí a fi ń yí i láti iwájú. Bí o kò bá tètè yọwọ́, irin náà á gbá ọ lápá, á sì dà bí ẹni pé ọkọ̀ ló nà ọ́ nítorí pé o jí i. Igi ni wọ́n fi kan ara rẹ̀ lẹ́yìn, igi náà sì máa ń ké ní gbogbo ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá mi fi máa ń gbé ìkòkò kaná bí ó bá ti gbọ́ mi lókèèrè. Bí a bá dé òkè tó le, a ó yí orí ọkọ̀ padà, a ó fi ẹ̀yìn gun òkè náà, nítorí pé jíà ẹ̀yìn ló lágbára jù. Àlejò tó bá rí wa á rò pé à ń sá padà fún nǹkan. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Adìẹ tó yé ẹyin sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní Bantè, tí àwọn ọmọ fi pa kí a tó dé Savalou, tí wọ́n sì ń bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì lọ́kọ̀ọ̀kan bí èrò, òótọ́ ni ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn.

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ pupa jẹ́ ẹ̀yà Mahi, ọmọ Savalou gan-an. Ẹgbẹ́ ni wá. Ó ga, ó sì dákẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá máa jáde lẹ́nu rẹ̀, àfi bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀. A kì í kí ara wa. Bí a bá pàdé lójú ọ̀nà, olúkúlùkù á fọn fèrè, á sì fi eruku bo ẹnì kejì. Ká ní ó mọ bẹ́ẹ̀, ìjà àwọn ọ̀gá wa ni, kò kàn wá tó bẹ́ẹ̀. Kúlíkúlí ló bà á jẹ́.

Obìnrin kan wà ní gáréèjì Savalou tó ń dín kúlíkúlí. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ń gbé e kiri fún àwa awakọ̀ àti èrò. Ọmọ náà gbọ́ èdè Mahi, ó gbọ́ Isha tiwa ní Bantè, ó sì lè fi èdè méjèèjì yọ ṣùtì sí ènìyàn láì mí láàárín. Mo ń ra kúlíkúlí láàárọ̀, mo ń rà á lọ́sàn-án. Nígbà tí eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, mo ń rà á síbẹ̀, mo ń jù ú fún ewúrẹ́ Aláájì. Lọ́jọ́ kan ó gbé igbá rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ọlọ́kọ̀ ewé, ewúrẹ́ yín ti sanra o. Ṣé òun ni yóò wá tọrọ mi ni?”

Ojú tì mí. Mo lọ sọ fún bàbá mi ní Bantè pé mo ti rí aya. Àwọn ẹbí mi wọ ọkọ̀ mi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ sí Savalou, wọ́n bá ìyá oníkúlíkúlí sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ pé àwọn ẹbí ọlọ́kọ̀ pupa ti wá ṣáájú wa, pé ohun kan náà ni wọ́n bá wá.

Ìyá náà pe àwa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ó jókòó nídìí agbada epo rẹ̀, kò sì gbójú sókè.

Ó ní, “Èmi ti fẹ́ ọkọ ọlọ́nà rí. Iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ni bàbá ọmọ yìí ń bá lọ, bá bọ̀. Ọdún dé, kò sí nílé. Mo bímọ, kò sí nílé. Ìgbà tó kú, ojú ọ̀nà náà ló kú sí. Ẹ̀yin méjèèjì yìí, ojú ọ̀nà ni ilé yín. N kò bèèrè aṣọ, n kò bèèrè ọtí. Lọ́jọ́ ọdún iṣu, kí oòrùn tó wọ̀, ẹni tí iṣu oko bàbá rẹ̀ bá wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mo mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ máa ń wà nílé. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí, kí ó lọ fẹ́ kamíyọ̀ rẹ̀.”

Mo ní, “Ìyá, bí ti àwa méjèèjì bá wà níbẹ̀ ńkọ́?”

Ó ní, “Ìgbà náà ni ọmọ mi yóò la ẹnu tirẹ̀.”

Ọlọ́kọ̀ pupa bèèrè pé, “Oko ẹ̀gbọ́n ìyá mi ńkọ́? Bàbá tèmi ti kú.” Ìyá náà ní oko ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ náà dáa. Oko ọ̀hún sì wà ní ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún, ní ẹ̀bá Bantè.

Bí ẹ kò bá mọ Savalou, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kí àwọn àgbà tó ṣe ètò ọdún iṣu, iṣu tuntun kò gbọdọ̀ wọ ilé kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé e wá ṣáájú ọjọ́, ó bú àwọn tó ti kú. Ẹni tó bá gbé e wá lẹ́yìn ọjọ́, oúnjẹ lásán ló gbé wá. Ọjọ́ náà gan-an ni. Ó sì jẹ́ pé inú òjò ni ọjọ́ náà máa ń bọ́ sí.

Àárọ̀ ọjọ́ ọdún náà, bàbá mi ti gbé iṣu dé láti oko rẹ̀ ní ọ̀nà Agoua. Lábókò ni, iṣu tó funfun tó sì dán, bàbá mi sì ṣà wọ́n bí ẹni ń ṣa ọmọ tí yóò rán níṣẹ́ sáàfin. Ó tò wọ́n sínú agbọ̀n, ó fi ewé tútù bò wọ́n. Ó ní, “Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e.” Àwọn oníṣu tó ń lọ sí ọjà ọdún kún ẹ̀yìn ọkọ̀ mi bámúbámú. Ìyá arúgbó kan, ará Agoua, ló gun orí gbogbo iṣu, ó fi gèlè rẹ̀ so ara rẹ̀ mọ́ igi ọkọ̀, ó ní kí n máa lọ. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni.

A la Gouka kọjá láìséwu. Níwájú, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ sínú kòtò kan tí omi máa ń dúró sí, ibẹ̀ ni bàríyẹ̀ wà. Bàríyẹ̀ ni igi gígùn tí wọ́n dábùú ọ̀nà. Ọ̀kan wà ní ìhín kòtò, ọ̀kan wà ní ọ̀hún. Òfin kọmándà ni pé bí òjò bá ti rọ̀, kamíyọ̀ kò gbọdọ̀ tẹ ibẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ, kí táyà má baà tú ọ̀nà náà. Ọ̀nà tí wọ́n fi ẹgba mú àwọn bàbá wa là, a kò gbọdọ̀ fi táyà bà á jẹ́. Ẹni tó ń ṣọ́ igi méjèèjì jẹ́ àgbàlagbà kan tó ti bá Faransé jagun nílẹ̀ òkèèrè. Ó ní fèrè, ó ní kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀, kò sí ọba tó tó o.

Mo ní, “Bàbá, ẹ kú òjò o.”

“Òo. Pa ẹ́ńjìnnì.”

“Bàbá, ọjọ́ ọdún ni.”

“Tìrẹ ni ọjọ́ ọdún. Tèmi, ọjọ́ òjò ni.”

“Ìgbà wo ni yóò gbẹ?”

Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ ẹrẹ̀, ó fà á yọ, ó wo bí bàtà rẹ̀ ṣe rí. “Lọ́la. Bí ọ̀run bá ṣàánú wa.”

Mo gbójú sókè wo ìhà kejì kòtò náà. Ọkọ̀ pupa dúró lẹ́yìn igi ọ̀hún, awakọ̀ rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, ó ń wo ẹrẹ̀ náà bí mo ti ń wò ó. Gbogbo gáréèjì ló mọ ìrìn-àjò rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè lọ ṣáájú. Iyọ̀ ni wọ́n di fún un láti gbé lọ sí Bantè, ó fẹ́ já iyọ̀, kí ó gba iṣu lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, kí ó sì fò padà kí oòrùn tó wọ̀. N kò ní parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Mo ní bí tèmi kò bá dé, tirẹ̀ náà kò ní dé. Lẹ́yìn náà ni mo rántí pé ìyá náà ti ní kí ẹni tí tirẹ̀ kò bá sí lọ fẹ́ kamíyọ̀. Mo wo Ikọ́ Bàbá. Inú mi kò dùn mọ́.

Àwọn oníṣu bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Ọjà ọdún, ọjọ́ kan ni. Ìyá arúgbó tó wà lókè tú gèlè rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó lọ bá ẹ̀ṣọ́ bàríyẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Sọ́jà, ṣé ẹsẹ̀ ènìyàn wà nínú òfin kọmándà yín?”

“Ẹsẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ewúrẹ́ kò sí níbẹ̀. Kamíyọ̀ ni mo ń dè.”

“Ó dáa. Iṣu wa yóò fi ẹsẹ̀ rìn. Kí ẹrù ìhín lọ wọ ọkọ̀ ọ̀hún, kí ẹrù ọ̀hún wá wọ ọkọ̀ ìhín, kí olúkúlùkù awakọ̀ yí orí padà sí ibi tó ti wá. Ṣé ó yé yín?”

Ó yé gbogbo ènìyàn àfi èmi. Mo ní, “Ìyá, iṣu ọkọ̀ ewé nínú ọkọ̀ pupa?”

“Ṣé iṣu mi wọ aṣọ ni? Iṣu mi kò mọ àwọ̀. Iná nìkan ló mọ̀.”

“Ọ̀gá mi yóò gbọ́.”

“Jẹ́ kí ó gbọ́. Bí iṣu mi bá rà síbí, òun ni yóò wá jẹ ẹ́.”

Mo bọ́ bàtà, mo wọ inú ẹrẹ̀. Ọlọ́kọ̀ pupa náà rí mi, ó wọ inú rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. A pàdé láàárín, ẹrẹ̀ mù wá dé ojúgun. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa dúró bára wa sọ̀rọ̀ láìsí ìyá oníkúlíkúlí láàárín wa. Mo sọ ohun tí ìyá arúgbó wí. Ó wo oòrùn, oòrùn kò tíì dé àtàrí. Mo mọ ohun tó ń rò, torí pé èmi náà ń rò ó. Bí a bá pààrọ̀ ẹrù, òun yóò dé Savalou kí oòrùn tó wọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ òfo ni yóò fi dé. Iṣu tèmi yóò dé, ṣùgbọ́n èmi kò ní dé, nítorí pé awakọ̀ tó bá fi ọkọ̀ Aláájì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, kí ó tètè máa kọ́ bí a ṣe ń ro oko.

Ó ní, “Tìrẹ wà níbẹ̀?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Èyí tó jẹ́ ti ìyá wa oníkúlíkúlí?”

“Ta lo pè ní ìyá yín?”

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Èmi ni kí n gbé e?”

“Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta ni?”

“O kò bẹ̀rù?”

“Mo bẹ̀rù. Mo lè fi èédú sàmì sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.”

“Ṣé ọwọ́ mi kò mọ bí a ṣe ń nu èédú ni?”

Mo padà lọ bá ìyá arúgbó, mo bẹ̀ ẹ́ pé bí wọ́n bá dé Savalou, kí ó bá mi gbé agbọ̀n náà dé ẹnu ọ̀nà oníkúlíkúlí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, “Kí n fi iṣu mi sílẹ̀ fún olè lọ́jà ọdún, kí n máa lọ fẹ́yàwó fún ọ? Ọmọ mi, gbé ẹrù rẹ fún ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ síbẹ̀.”

Àwọn oníṣu yòókù gbójú sápá kan. Ọjà ni kálukú ń sáré bá.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ká ní ẹ rí i ni, inú yín ì bá dùn. Àwọn obìnrin ká aṣọ sókè, wọ́n fi iṣu sórí, wọ́n wọ inú ẹrẹ̀. Àwọn ọkùnrin ru àpò iyọ̀ bọ̀ láti ọ̀hún, wọ́n ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má ṣubú o, kí ẹrẹ̀ má baà dọbẹ̀. Bí ọlọ́kọ̀ ewé àti ọlọ́kọ̀ pupa bá pàdé láàárín, wọ́n á kọ́kọ́ fojú tín-ínrín wo ara wọn, wọ́n á wá máa fọwọ́ di ara wọn mú kí ẹsẹ̀ má yọ̀. Ẹ̀ṣọ́ bàríyẹ̀ fọn fèrè rẹ̀ títí, bí ẹni pé àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ ni wá. Ẹ rántí kamíyọ̀ tí mo ní mo rù? Ẹ jẹ́ kí ó ṣì wà lórí mi ná, a ó sọ̀ ọ́ láìpẹ́.

Agbọ̀n tèmi ni mo gbé kẹ́yìn. Ọlọ́kọ̀ pupa gbà á lọ́wọ́ mi. Kò gbé e sẹ́yìn pẹ̀lú ti àwọn yòókù. Ó ṣí ilẹ̀kùn iwájú, ó gbé e sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Wọn yóò tẹ̀ ẹ́ fọ́ lẹ́yìn.”

N kò mọ̀ bóyá ojú rere ni, tàbí ó ń gbé e kúrò lójú ẹlẹ́rìí. Ó yí irin iwájú, ọkọ̀ pupa jí, ó yí orí padà, ó kó àwọn oníṣu gun òkè lọ. Mo dúró nínú ẹrẹ̀ títí n kò fi gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́.

Mo gbé iyọ̀ ọkọ̀ pupa dé Bantè. Àwọn oníbàárà wọn kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Obìnrin kan fi ìka tọ́ iyọ̀ náà wò bóyá ó ṣì ń dùn. Nígbà tí mo já gbogbo rẹ̀ tán, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀, mo ń wo oòrùn. Bàbá mi wá bá mi.

“Iṣu ńkọ́?”

“Ó ti lọ.”

“Ta ló gbé e?”

“Ẹni tí a jọ ń du obìnrin náà.”

Bàbá mi ní, “Ilé-ìwé tí o sá kúrò níbẹ̀ yẹn, ó yẹ kí n fi pàṣán dá ọ padà síbẹ̀.” Oòrùn sì wọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Savalou nìyí. Ọkọ̀ pupa wọ gáréèjì nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè. Èrò pé jọ, wọ́n rí iṣu ọkọ̀ ewé tó ń jáde nínú rẹ̀, ẹnu yà wọ́n. Awakọ̀ náà kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó gbé agbọ̀n lé èjìká, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà oníkúlíkúlí, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Ó ní, “Ìyá, ẹ wo iṣu yìí dáadáa. Kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín ń bẹ ní ìhà kejì ẹrẹ̀, ẹ̀rù ń bà á, ó sì ní ìdí tí ẹ̀rù fi yẹ kó bà á, nítorí pé mo fẹ́ ọmọ yín ju bí ọmọ ẹja ti ń fẹ́ omi lọ. Mo lè sọ pé èmi ni mo wà á. Ta ni yóò jẹ́rìí? Iṣu kò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ìyàwó tí a bá fi iṣu oníṣu fẹ́, iyán oníyán ni yóò máa gún. Awakọ̀ tó gbé ọkàn rẹ̀ lé ọ̀tá rẹ̀ lọ́wọ́ láàárín ọ̀nà, ẹ má bẹ̀rù láti gbé ọmọ yín lé e lọ́wọ́.” Àwọn obìnrin tó ń dín kúlíkúlí bú sẹ́kún. Epo gbóná jó lórí iná, ẹnikẹ́ni kò bìkítà.

Ní ọjọ́ kejì, ilẹ̀ gbẹ, bàríyẹ̀ ṣí, mo wa ọkọ̀ wọ Savalou. N kò lè tètè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá náà wà nídìí agbada rẹ̀, agbọ̀n bàbá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ewé orí rẹ̀ kò tíì rọ tán.

Ó ní, “Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí iṣu rẹ dé.”

Mo ní, “Iṣu ta ni ẹ pè é, Ìyá?”

“Tìrẹ. Àbí kì í ṣe tìrẹ ni?”

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku gáréèjì. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dìde. Ewúrẹ́ ń wò yín.”

Bí mo ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ní gbogbo àkókò òjò náà, a ń pààrọ̀ ẹrù ní kòtò Gouka bí bàríyẹ̀ bá ti dí. Aláájì pariwo, àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò pariwo. Nígbà tí wọ́n rí i pé ẹrù ń dé, wọ́n dákẹ́. Nígboro, èmi àti ọlọ́kọ̀ pupa ṣì kì í kí ara wa, nítorí ojú àwọn ọ̀gá. Nínú ẹrẹ̀, a jọ ń jẹ kúlíkúlí. Òun náà fẹ́ obìnrin kan ní Gouka. Nígbà tó yá, ọkọ̀ ńláńlá ti ìlú míì wá gba ọ̀nà náà, àwọn Faransé lọ, ilé-iṣẹ́ méjèèjì sì wọlẹ̀. Ikọ́ Bàbá kú sẹ́yìn ilé Aláájì, igi ara rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe ilé adìẹ. Ọdọọdún, lọ́jọ́ ọdún iṣu, mo ń gbé iṣu lọ sẹ́nu ọ̀nà ọlọ́kọ̀ pupa kí oòrùn tó wọ̀, títí ó fi kú.

Ìyàwó mi ní bí n kò bá sọ èyí tí mo hùmọ̀, òun yóò sọ ọ́ fún yín. N kò ru kamíyọ̀ rí. Agbọ̀n iṣu kan ni mo rù, ọrùn bàbá mi náà kúrú. Obìnrin Gouka wọ ọkọ̀ pupa kíákíá, ó sì bímọ láyọ̀. Ẹyin adìẹ fọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyẹn, ẹ̀yin náà ti mọ̀. Èyí tí ẹ lè ti gbà gbọ́ ni ọ̀rọ̀ gígùn tí ọlọ́kọ̀ pupa sọ lẹ́nu ọ̀nà. N kò sí níbẹ̀. Ìyàwó mi ló wà níbẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà gbé agbọ̀n sílẹ̀, ó ní, “Ti ọlọ́kọ̀ ewé nìyí.” Ìyá oníkúlíkúlí bi í pé, “Tìrẹ ńkọ́?” Ó ní, “Tèmi ṣì wà lóko.” Ó bá lọ fọ ọkọ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí tó kù tí mo fi sí i lẹ́nu, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀.